Wàrà Inú Igbá Asiata

“Ewé wo nìyí?”

Herbert Ọláògún gbé ewé náà lé tábìlì Ìnsípẹ́kítọ̀ Jẹ̀lílì, ó sì fi ìka tì í síwájú obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ewé náà fẹ̀, ó sì nípọn. Oje funfun tó ti ojú ibi tí wọ́n ti já a jáde ti gbẹ mọ́ ọn lára.

“Bomubómu ni, Ọ̀gá.”

“Níbo ni mo ti já a?”

“Ẹ̀yìn ahéré wa ní gáà ni. Ojú mi lẹ ṣe já a.”

“Kí lo ń fi oje rẹ̀ ṣe?”

“Wàrà ni mo fi ń ṣe.” Asiata wo ọlọ́pàá, ó tún wo Herbert, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí gbogbo ayé mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ ní àtìmọ́lé nìyí. Ọmọ oṣù méje tó ń fún lọ́mú wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní gáà wọn lẹ́yìn Ọdẹ̀dá, omi ọmú sì ti rin iwájú bùbá rẹ̀ gbingbin. Ó fi ìborùn bò ó, ṣùgbọ́n ó hàn.

“Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín,” ni Herbert sọ fún Jẹ̀lílì. “Oje ewé yìí, bó bá ta sí ènìyàn lójú, ó lè fọ́ ọ. Òun ló ń pò mọ́ nǹkan tí à ń jẹ.”

Jẹ̀lílì mi orí. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. “Ẹ lọ parí rípọ́ọ̀tù yín, kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́la. Ọjọ́ Fúráídeè la máa gbé obìnrin yìí lọ sílé ẹjọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ la máa dúró lé lórí.”

Wolé-wolé ni Herbert ní káńsù, ọdún kẹrìnlélógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí. Òun ló ń yẹ ìkòkò àwọn olóúnjẹ wò, tó ń ṣí igbá láti mọ̀ bóyá eṣinṣin ti bà lé ohun tí wọ́n ń tà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ ni pé ó fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Sápọ́n ló ti ń rà wọ́n, àwọn tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti já. Kì í sì í ṣe ìbọn tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń wá nínú wọn, oúnjẹ ni. Ó ní ìwé eléwé ọgọ́rin kan tó ń kọ ọ́ sí: ohun tí ẹni tó kú jẹ kó tó kú, ẹni tó sè é, ẹni tó gbé e wá, ẹni tí kò jẹ tirẹ̀ tán. Ó gbà tọkàntọkàn pé ìdí oúnjẹ ni àṣírí gbogbo ọ̀daràn ti ń tú. Àwọn òyìnbó inú ìwé wọ̀nyẹn fẹ́ràn ṣíìsì, wàrà tiwọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ tẹ̀ lé oúnjẹ, wọ́n sì ń dì í sápò nígbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ ilé ẹni tí wọ́n fura sí. Herbert ra ọ̀kan nínú agolo ní Èkó nígbà kan, ó tọ́ ọ wò, ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n fi iyọ̀ sí. Ajá ilé fi imú kàn án, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti mú ṣíìsì jáde nínú ìwé, wàrà ni Herbert ń nawọ́ sí.

Ó sì mọ wàrà. Èyí tó wà nípò kìíní lójú rẹ̀ ni pupa, tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró, tí wọ́n wá dín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi le díẹ̀. Ìkejì ni funfun tó ṣì wà nínú omi ara rẹ̀, tí ènìyàn ń bu ṣúgà sí. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n sè sínú ọbẹ̀ ata dípò ẹran. Ó ní ti àlejò nìyẹn. Nínú gbogbo àwọn Fúlàní tó ń gbé igbá wá sọ́jà láti ọ̀nà Ọdẹ̀dá, kò sí ẹni tí pupa tirẹ̀ tó ti Asiata.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Bàbá Sàlàhúdíìnì, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, jẹ wàrà díndín lọ́sàn-án ní agbolé àwọn aláró kan ní Kẹ́mtà, níbi tí ìyàwó àbúrò rẹ̀, Àlàájà Bùsírátù, ti ń pa àdìrẹ láró. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, bàbá kò lè gbé itọ́ mì mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì kú ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó, bí ìgbà tí nǹkan jó o. Ọwọ́ Asiata ni wọ́n ti ra wàrà náà.

Ni káńsù bá ní kí Herbert lọ wádìí rẹ̀. Ká má purọ́, orí rẹ̀ wú. Ó lọ sí gáà, ó rí bomubómu. Ó lọ sí oko, ó gbọ́ pé màlúù ọkọ Asiata ti jẹ ẹ̀gẹ́ Bàbá Sàlàhúdíìnì láàárín ọ̀wààrà òjò ọdún yìí, wọ́n sì sọ̀rọ̀ burúkú síra wọn. Ìbínú ti wà, májèlé ti wà, àyè láti fún un jẹ náà sì ti wà. Bí ìwé ló rí. Ní ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n mú Asiata, Herbert kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ọjà, wọ́n da wàrà obìnrin mọ́kànlá sínú gọ́tà, wọ́n sì bu oògùn apakòkòrò lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró tì wọ́n títí omi fi gbé e lọ.

Nígbà tó délé ní Ìkẹ́rẹ̀kú lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbé ewé lọ fún ọlọ́pàá, ìyàwó rẹ̀, Adébímpé, ti dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó gbé èbà àti ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Herbert sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni ń sọ ìtàn, ó ń fi òkèlè júwe.

“Ó jẹ́wọ́?” ni Adébímpé bèèrè.

“Ó ní òun fi bomubómu ṣe wàrà. Ìjẹ́wọ́ wo ló tún kù?”

“Bàbá Táyọ̀, kí lẹ rò pé wọ́n ń fi ṣe wàrà?”

“Mílíìkì màlúù ni.”

“Mílíìkì nìkan á máa jẹ́ mílíìkì títí á fi kan. Ọdẹ̀dá ni mo dàgbà sí, ẹ ò gbàgbé. Oje ewé yẹn ló ń mú un dì. Wọ́n á rọra kán an sí i lórí iná, wọ́n á wá sè é títí agbára oje á fi lọ. Kò sí èyí tẹ́ ẹ ti jẹ láyé yín tí kò ní bomubómu nínú.”

Herbert gbé òkèlè sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń ṣí igbá wàrà. Ó lè fi ahọ́n mọ ti ẹni méjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò jókòó ti ìkòkò ẹnikẹ́ni rí láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ojú tì í, ó sì fẹ́ fi ìbínú bò ó.

“Ó lè jẹ́ pé ó kán an sí ti bàbá lẹ́yìn tó sè é tán.”

“Igbá kan náà ni,” ni Adébímpé sọ. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Wàrà pupa tẹ́ ẹ gbé wálé lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, ṣebí lọ́wọ́ Asiata ni? Èmi ni mo dín in. Ẹ̀yin jẹ, èmi jẹ, Táyọ̀ náà sì jẹ. Ṣé ìyẹn wà nínú rípọ́ọ̀tù?”

Herbert fa àwo ọbẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi pé ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ta ló tún jẹ nínú oúnjẹ yẹn.”

“Adébímpé, jẹ́ n jẹun.”

Ṣùgbọ́n kò jẹun mọ́. Láti ọjọ́ Ẹtì ni nǹkan náà ti wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbàgbé, ó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Kò ra wàrà náà. Láàárín àwọn tó ń ta oúnjẹ, ó ti di àṣà pé kí wọ́n kọ́kọ́ bu ti wolé-wolé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tẹ́ igbá. Kò sí ẹni tó ń bèèrè, kò sí ẹni tó ń kọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Asiata á wé márùn-ún sínú ewé fún un, á ní, “Ọ̀gá, ti yín nìyí,” á sì kọjá lọ. Àmọ́ ọdún 1984 ni a wà, àwọn sójà kò tíì pẹ́ lórí ìjọba, wọ́n sì ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, káńsù fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo wolé-wolé: ẹni tó bá gba ohunkóhun lọ́wọ́ ọlọ́jà, yóò lọ láìgba owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ bẹ́ẹ̀ nítorí adìẹ kan. Ọdún mẹ́fà péré ló kù fún Herbert.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba Kẹ́mtà lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ rí ìdí mìíràn tí wọ́n lè fi tú Asiata sílẹ̀, ìdí tí kò ní kan òun.

Wọ́n ń múra àdúrà ọjọ́ kẹjọ sílẹ̀ nínú agbolé náà. Aṣọ aláró ń kán tótó lórí okùn, ìkòkò aró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìdérí wọn. Herbert kí wọn kú ìrọ́jú, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó dín wàrà náà. Ọmọbìnrin kan jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀. Sìlífátù ni, ìyàwó Mọ́nsúrù ọmọ Àlàájà. Oṣù kẹta rẹ̀ nílé ọkọ nìyí. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní Ọ̀fàdà ni àwọn òbí rẹ̀.

“Má bẹ̀rù,” ni Herbert wí. “Ṣe bí o ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà, kí n rí i.”

Ó bá a wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti yé e pé nínú gbogbo ìwádìí òun, òun kò tíì dé ibi tí wọ́n ti se oúnjẹ náà. Sìlífátù mú ọ̀bẹ, ó ṣe bí ẹni ń gé nǹkan.

“Mo gé e wẹ́wẹ́, sà, torí Bàbá ò ní eyín. Gbígbé ni wọ́n máa ń gbé e mì. Mo bu omi sí i. Mo fi iyọ̀ sí i, mo jẹ́ kó mu ún díẹ̀. Mo wá dín in.”

“Iyọ̀ dà?”

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí orí pẹpẹ ẹ̀bá ààrò. Agolo mílíìkì méjì ló wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà nínú ọ̀kan, iyọ̀ wà nínú èkejì. Láàárín wọn, ojú ibi tí agolo kẹta ti dúró ṣì hàn, èéfín kò dé ibẹ̀.

“Kí ló wà níhìn-ín?”

Sìlífátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀, sà. Ó funfun. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé e síbẹ̀.”

Kò nílò kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé sódà làwọn aláró ń dà sínú aró, sódà sì máa ń yọ́ bí ilẹ̀ bá tutù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀bá ààrò ni wọ́n ń gbé e sí kó má baà di omi. Ọmọ tí wọ́n bí sílé aláró kò lè ṣì í mú, wọ́n á ti nà án sí i láti kékeré. Ọmọ onírẹsì ni Sìlífátù, kò sì sí ẹni tó rántí kìlọ̀ fún un.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún.”

Àlàájà Bùsírátù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnwọ́. Ó ní kí Sìlífátù máa lọ sínú ilé. Ó dúró títí ọmọ náà fi wọlé tán.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, Àlàájà?”

“Ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Mo padà dé, mo rí i pé sódà inú agolo mi ti dín kù. Mo jù ú sódò.”

“Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n mú Asiata.”

“Èmi kọ́ ni mo dárúkọ Asiata. Ẹ̀yin lẹ lọ já ewé wá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo ìlú pé màlúù jẹ ẹ̀gẹ́. Èmi kàn dákẹ́ ni.” Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Ọmọ yìí ò tíì bímọ. Bí mo bá ya ẹnu mi, títí ayé rẹ̀ ni wọ́n á máa pè é ní ìyàwó tó pa bàbá ọkọ ẹ̀. Kò ní lè gbélé yìí mọ́. Ẹ bá mi rò ó.”

“Asiata náà ní ọmọ lẹ́yìn.”

“Mo mọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.” Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ le. “Bẹ́ ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ agolo, màá ní kò sí agolo kankan. Ohùn kan náà ni gbogbo ilé yìí á fọ̀. Wọ́n á ní ẹ ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Kí lẹ wá fẹ́ gbé kalẹ̀?”

Herbert kí i, ó sì jáde. Ó ti rí ohun tó wá, kò sì wúlò fún un. Òótọ́ ni Àlàájà sọ, agolo ti wà nísàlẹ̀ odò. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó lè jù sódò ni pé ènìyàn mẹ́ta ti jẹ nínú igbá kan náà lọ́jọ́ kan náà ní Ìkẹ́rẹ̀kú, tí inú kò sì run ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ń rìn lọ. Ó ro ọdún mẹ́fà tó kù. Ó ro owó ilé ìwé Táyọ̀. Ó tún ro bó ṣe dúró ti gọ́tà lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, tí òun sì ń ronú pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ì bá yìn òun. Ìríra ara rẹ̀ gbà á lọ́kàn débi pé ó ní láti dúró díẹ̀ sábẹ́ igi kan.

Nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá ọkọ Asiata ti gbé ọmọ wá láti gáà. Wọ́n ti mú Asiata jáde sórí bẹ́ǹṣì kó lè fún un lọ́mú. Ọmọ náà ń mu ún pẹ̀lú ìkánjú, ó ń fa ìborùn ìyá rẹ̀. Asiata kò gbójú sókè.

“Rípọ́ọ̀tù ńkọ́?” ni Jẹ̀lílì bèèrè.

“Wàrà Asiata kọ́ ló pa bàbá yẹn. Sódà aláró ni. Ìyàwó ilé wọn ló ṣì í mú dípò iyọ̀. Àṣìṣe ni, ọmọ náà kò mọ̀. Ẹ ní kí dókítà sọ fún yín bóyá bí sódà ṣe ń jó ènìyàn nìyẹn.”

“Ta ló rí sódà náà?”

“Wọ́n ti jù ú nù. Wọ́n á sì sẹ́.”

Jẹ̀lílì fi bírò kan tábìlì. “Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún, àná lẹ ní bomubómu ni. Òní lẹ ní sódà ni. Kí ni kí n di mú?”

“Èmi jẹ nínú rẹ̀.”

“Nínú kí ni?”

“Nínú igbá yẹn, lọ́jọ́ yẹn, èyí tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyàwó mi jẹ, ọmọ mi jẹ. Kò ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa ní nǹkan kan.”

Jẹ̀lílì gbé bírò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Asiata. “Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

Herbert yíjú sí i. “Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín,” ni Asiata wí. Ó gbé ọmọ sí ọmú kejì.

 Jẹ̀lílì dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó padà dé. “Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí lè tú obìnrin yìí sílẹ̀, màá gbà á. Àmọ́ ohun tí káńsù á kọ́kọ́ bi yín ni pé èló lẹ rà á. Ẹ sọ pé náírà kan, ká kọ ọ́ síbẹ̀, kó parí. Kò sí ẹni tó máa bèèrè jù bẹ́ẹ̀.”

Ó rọrùn. Asiata pàápàá kò ní sọ nǹkan kan, ó ti fi hàn pé òun lè dákẹ́. Herbert mọ̀ pé bí òun bá gba náírà kan yìí, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan á tún wé márùn-ún sínú ewé fún òun, á ní ti òun nìyí, òun náà á sì gbà á.

“Mi ò rà á,” ló wí. “Ó máa ń fún mi ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí. Àwọn tó kù náà ń fún mi.”

Jẹ̀lílì mí kanlẹ̀. Ó ti bírò àti pépà sí i. Orí ìdúró ni Herbert ti kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ara rẹ̀ àti iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ọ́ dé ibi ewé bomubómu tó já láìmọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fọwọ́ sí i, ó dá bírò padà.

“Ẹ jókòó,” ni Jẹ̀lílì wí bó ṣe ń ká pépà náà. “Mo ní láti gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ẹ̀yin náà ò tíì lè lọ.”

Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Asiata wò ó, kò sún fún un. Herbert fẹ̀yìn ti ògiri, ó dúró.